Ẹ̀rọ tí ń bu kílórínì sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé wa

Nígbà tí dókítà sọ fún ọkọ mi pé rírìn nínú omi yóò tu orúnkún rẹ̀ lára ju rírìn lórí ilẹ̀ lọ, a gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Adó-Èkìtì. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 5, jíjìn rẹ̀ sì tó mítà 1.2, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ń gba nǹkan bí 60,000 lítà omi. Gbígbẹ́ rẹ̀ kọ́ ni ó nira. Títọ́jú omi rẹ̀ ni. Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun láti inú ilẹ̀ tọ̀sán-tòru, èyí tí ó bá sì ti ṣàn kọjá ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú kan ni omi tiwa ń jókòó sí, oòrùn ń pa á, ewé máńgòrò ń já sínú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ wa sì ń bọ́ sínú rẹ̀ nígbà ìsinmi. Bí kílórínì bá tán nínú irú omi bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan péré, àwọ̀ ewé ni yóò máa yọ, ògiri rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀.

Fún ọdún méjì, ọmọkùnrin tí ń bá wa tọ́jú adágún náà ni ó máa ń po kílórínì oníyẹ̀fun mọ́ omi nínú garawa, tí yóò sì dà á yí ẹ̀bá rẹ̀ ká ní ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ṣùgbọ́n kílórínì tí a bá dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ yóò pọ̀ jù ní alẹ́, yóò sì ti kéré jù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ní àkókò gan-an tí ènìyàn wà nínú omi. Mo ra ohun èlò ìdánwò, èyí tí a ń fi kán èròjà sínú omi kí ó lè di pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bí kílórínì bá wà níbẹ̀, mo sì ń kọ ohun tí mo rí sínú ìwé. Ní agogo méje alẹ́, mo máa ń rí mílígíráàmù 5 nínú lítà kan. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kì í tó ìdajì mílígíráàmù. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ó wà láàárín 2 sí 4 ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀rọ tí a wá rà láti máa bu kílórínì olómi díẹ̀díẹ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì sí omi adágún kò tóbi ju agolo mílíìkì ńlá lọ. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun, àwọn róòlà tí ń yí po sì ń tẹ rọ́bà yìí ní ìtẹ̀léra, bí ènìyàn ṣe máa ń fi ìka ti omi lọ síwájú nínú ìfun ẹran tí ó ń fọ̀. Bí róòlà kan ti ń lọ ni òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kílórínì kò ráyè padà sẹ́yìn. Wọ́n fi irú mìíràn hàn mí, èyí tí awọ kan ń fì síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mú un, torí pé kílórínì olómi máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí sì lè há sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ títí tí kò fi ní lè fa nǹkan kan mọ́.

Púlọ́ńbà tí ó wá ṣiṣẹ́ náà fẹ́ so ó mọ́ páìpù níwájú pọ́ǹpù ńlá tí ń fa omi adágún gba inú àsẹ́ padà sínú adágún, nítorí pé ibẹ̀ ni ó súnmọ́ jù. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wà ní ìparí." Bí kílórínì tí ó le bẹ́ẹ̀ bá gba inú pọ́ǹpù àti àsẹ́ kọjá, irin inú wọn yóò tètè dípẹtà. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ó yẹ kí ó ti wọlé, kí ó jẹ́ pé láti ibẹ̀, adágún ni omi ń lọ tààrà. Ó lu páìpù níbẹ̀, ó sì fi fáàfù kékeré kan sí i tí kì í jẹ́ kí omi adágún padà wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Iṣẹ́ náà kò gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Ibi iná ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò irú rẹ̀ fara balẹ̀ kà. Ẹ̀rọ kílórínì kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà oníṣẹ́ iná so ó mọ́ ínfátà, ó sì fi pọ́ǹpù ńlá sílẹ̀ sórí iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀, torí pé ínfátà wa kò lè gbé e. Ó jọ ọgbọ́n lójú gbogbo wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Pọ́ǹpù dákẹ́, omi dúró nínú páìpù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré kò dúró. Ó ń ti kílórínì sínú omi tí kò lọ síbì kankan. Nígbà tí iná dé ní agogo mẹ́ta, gbogbo ohun tí ó ti jọ sínú páìpù rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹnu ihò tí omi ń gbà wọ adágún, níbi tí ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ń ṣeré. Ó ń húkọ́, ó ń nu ojú, ó ń ké pé, "Màmá àgbà, ojú ń ta mí!" A gbé e jáde, a da omi tí ó mọ́ sí i lójú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì gbé e lọ rí dókítà. Ojú rẹ̀ kò bàjẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Títí di òní ni aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun.

Mo pa ẹ̀rọ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Oníṣẹ́ iná padà wá, ó bẹ̀ mí, n kò sì bínú sí i, torí pé ojú mi ni ó ṣe so ó. A fa iná ẹ̀rọ kékeré láti ara wáyà pọ́ǹpù ńlá gan-an, kí ó jẹ́ pé bí iná pọ́ǹpù bá ti kú, tirẹ̀ kú pẹ̀lú. Èyí nìkan kò tó, nítorí pé pọ́ǹpù lè ní iná kí ó má sì fa omi, bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀ tàbí bí ewé bá dí ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, a tún fi súwíìsì kan sí ara páìpù, tí ó ní ahọ́n kékeré nínú: àfi bí omi tí ń ṣàn bá ti ahọ́n yìí ni iná fi lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Mo ní kí wọ́n ti fáàfù omi pa fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níṣojú mi nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́; róòlà dúró lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan ni mo ń dán an wò bẹ́ẹ̀.

Iye tí yóò máa bù kò ṣòro láti ṣírò. Kílórínì olómi tí a ń rà jẹ́ ìdá 10 nínú 100, ìyẹn ni pé lítà kan ní nǹkan bí gíráàmù 100. Adágún wa ń pàdánù nǹkan bí mílígíráàmù 2 nínú lítà kan lójúmọ́; nínú 60,000 lítà, gíráàmù 120 nìyẹn, tí í ṣe lítà 1.2. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8, nítorí náà mílílítà 150 ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bù ní wákàtí kan. Tiwa lè bu 600 bí a bá yí i dé òpin, ìdámẹ́rin sì ni a yí i sí. Ní ọjọ́ tí iná kò bá tó wákàtí 8, kílórínì náà yóò dín kù, ọmọkùnrin wa yóò sì fi ọwọ́ bu ìyókù sí i ní alẹ́.

Kílórínì olómi kì í ṣe ohun tí a ń tò pamọ́ bí epo pupa, torí pé ooru àti oòrùn ń gba agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì péré ni mo ń rà, tí ó ń tó wa fún nǹkan bí ogójì ọjọ́, abẹ́ òjìji ni wọ́n sì ń wà, pẹ̀lú ihò kékeré lórí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde. Ásíìdì tí a fi ń dín pH omi (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) kù wà ní yàrá mìíràn pátápátá, nítorí pé bí òun àti kílórínì bá pàdé, afẹ́fẹ́ tí ń pa ènìyàn ni wọn yóò tú jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń fi omi lásán ṣan ẹnu páìpù ẹ̀rọ dáadáa kí a tó fi ásíìdì díẹ̀ fọ èépá funfun tí ó bá dí i.

A tún po èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cyanuric acid mọ́ omi náà, nítorí pé láìsí i, oòrùn ọ̀sán lè jẹ ju ìdajì kílórínì lọ láàárín wákàtí kan. Rọ́bà inú ẹ̀rọ ni ó máa ń kọ́kọ́ gbó. Mo ti ra méjì pamọ́, mo sì kọ ọjọ́ tí a fi èyí tí ó wà nínú rẹ̀ sí i sára ògiri. Lánàá, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mílígíráàmù 2.5 ni mo rí. Láàárọ̀ yìí, kí ọkọ mi tó wọ inú omi, ó jẹ́ 3.