Kọ̀ǹpútà tó ń kú lórí géèmù ọkọ̀ ojú irin: ṣé ibi kan náà ni, àbí àkókò kan náà?

Ẹ ti fa ẹrù gùn-ún-gùn-ún kúrò ní Shelby, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkè Marias Pass tán ní Montana l'Amẹ́ríkà nínú géèmù ọkọ̀ ojú irin, ni kọ̀ǹpútà bá pa fìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n pa géèmù náà rẹ́, kí wọ́n tún un gbé sórí ẹ̀rọ. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nídìí eré yìí ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ṣé ibi kan náà ló ti máa ń kú ni, àbí ó kàn máa ń kú tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́?

Géèmù wíwa ọkọ̀ ojú irin tó ń jẹ́ Open Rails ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè lo àwọn ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún Microsoft Train Simulator tó jáde lọ́dún 2001. Nínú àwọn ojú ọ̀nà yẹn, wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2,048. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ ni géèmù ń kó ilẹ̀ iwájú wọlé, tó sì ń ju tẹ̀yìn nù. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀bá afárá kan náà ló ti ń dákú ní gbogbo ìgbà, ó ṣeé ṣe kí fáìlì kan ti bàjẹ́ ní sàkáání ibẹ̀. Ẹ fi ọkọ̀ mìíràn gba ibẹ̀ kọjá. Tó bá kọjá láìsí wàhálà, ọ̀kan nínú àwọn wágọ́ọ̀nù tí ẹ so mọ́ ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí OpenRailsLog.txt, fáìlì tí géèmù ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, tó máa ń wà lórí desktop, kí ẹ sì ti ìsàlẹ̀ kà á lọ sókè. "Warning" á pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò léwu. "Error" tó gbẹ̀yìn lẹ ń wá, torí orúkọ fáìlì tó dá wàhálà sílẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Tí kò bá ní ibi pàtó, tó jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kú, ooru ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àwọn kan á ní ọkọ̀ tó ń rọra rìn, kí ló fẹ́ mú kọ̀ǹpútà gbóná? Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tilẹ̀ dúró sí ibùdó, tí ẹ ò bá fi òdiwọ̀n sí i, graphics card, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ya àwòrán fún ojú kọ̀ǹpútà, á máa ya àwòrán tuntun ní gbogbo bí agbára rẹ̀ bá ṣe tó. Ẹ tan vertical sync nínú Options géèmù náà, kó má baà yà ju iye tí ojú kọ̀ǹpútà lè gbé jáde lọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ tún dín bí ojú ṣe ń ríran jìnnà kù.

Ooru máa ń fún èèyàn ní àmì. Tí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá ti ń sún mọ́ 100°C, á kọ́kọ́ dín eré kù, géèmù á máa fà. Tí kò bá dẹ̀ ni ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ HWiNFO lè kọ ìwọ̀n ooru sínú fáìlì, ẹ lè kà á lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti kú. Níbi tí mò ń gbé n'Ìbàdàn, eruku ọyẹ́ kì í pẹ́ dí fáànù. Tí ẹ bá ń fẹ́ eruku náà jáde, ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má yí.

Bí ooru ò bá pọ̀, tí kò sì fà rárá kó tó kú, ẹ yẹ iná wò. Ẹ lè rí Kernel-Power 41 nínú Event Viewer, ibi tí Windows ti ń ṣàfihàn àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kan á rí "Power" yẹn, wọ́n á ní kí ẹ lọ ra power supply (ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) tuntun. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ ò ju pé ẹ̀rọ kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ń lo laptop, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ fi bátìrì wa ọ̀nà náà. Tí kò bá kú mọ́, ẹ wo ṣájà, àti jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter tí ẹ ń lò.

Tó bá jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà ń di búlúù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣìṣe, driver graphics card (ètò tó ń darí rẹ̀) tàbí RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) ni mo máa ń yẹ̀ wò. Memtest86 á yẹ RAM wò, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí iná bá dúró dáadáa. Tí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ wa ọ̀nà kan náà, kí ẹ tún pààrọ̀ wọn. Èyí tó bá kú lórí rẹ̀ ni kí ẹ yọ.