Ọ̀nà Abuja sí Jos: bí Bàbá ṣe tú súwíìsì jíà wa ní Akwanga

A tètè jáde ní Kubwa torí gosíló Nyanya àti Mararaba, èmi àti ìyàwó mi, à ń lọ kí àǹtí wa ní Jos (àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi Jos ṣelé tipẹ́). Keffi ò dá wa dúró. Akwanga, níbi tí ọ̀nà Lafia àti ọ̀nà Jos ti pínyà, la ti yà ra iṣu, ìgbà tá a fẹ́ máa lọ báyìí mọ́tò ò dáhùn, họ́ọ̀nù ń ké, iná ń tàn, àmọ́ sítátà ò tiẹ̀ mira. Jíà ọ̀tọ́mátíìkì ló ní, mo wá rí i pé P (páàkì, jíà ìdúró) tó máa ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù ò sí níbẹ̀. Mo fa jíà sí N (níútírà), mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ó gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Bọ̀bọ́ kan ní kí òun so wáyà méjì pọ̀, pé á máa gbà ní jíà yòówù. Mo ní rárá o! Súwíìsì kékeré tó wà lára gíábọ́ọ̀sì yẹn ló ń sọ fún mọ́tò pé P la wà tàbí D (jíà ìrìn síwájú), òun ni kì í jẹ́ kí sítátà ríná àfi ní P àti N. Tí ọmọdé bá wá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí jíà wà ní D ńkọ́, tí mọ́tò fò síwájú, tí ìyá oníṣu jókòó síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an.

Wọ́n júwe Bàbá mẹkáníìkì kan, ọmọ Ọ̀fà, a fi N sítáàtì dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ sà." "Ẹ káàbọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì." Wọ́n bi mí bóyá iná rìfáàsì ń tàn, mo lọ wò ó, kò tàn, wọ́n ní súwíìsì jíà yẹn náà ló ń tan iná rìfáàsì, ibẹ̀ náà ni, kí n má ra sítátà kankan.

Wọ́n ní kí jíà wà ní N, wọ́n fa háńdìbúréèkì, wọ́n fi òkúta há táyà, wọ́n tú orí nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n gbé bátìrì àti ilé fítà kúrò torí abẹ́ wọn ni súwíìsì sá pamọ́ sí. Wọ́n tẹ ètè sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó yọ ọ́, wọn ò fa wáyà. Kébù jíà ló kàn, lẹ́yìn náà apá tí kébù ń fà, lẹ́yìn náà wáṣà tí wọ́n ṣẹ́ etí ẹ̀ lé nọ́tì, wọ́n fi sukurudíráfà na etí yẹn jẹ́jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù: kí wọ́n tó tú bóòtì 10 méjì tó mú un, wọ́n fi ìṣó fa ìlà láti ara súwíìsì dé ara gíábọ́ọ̀sì, kó lè padà sójú ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìpẹtà ò jẹ́ kó bọ́, wọ́n fín WD-40 (ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà) sí i, a dúró, wọn ò fi òòlù kàn án rárá.

Iyanrìn àti ọ́ìlì ló kún inú sọ́kẹ́ẹ̀tì! Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi tẹ́sítà wò ó, P àti N sọ̀rọ̀. Wọ́n dá a padà sórí ìlà, ìyàwó mi tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, mo gbìyànjú ẹ̀ ní gbogbo jíà: P gbà, N gbà, R (rìfáàsì) àti D kọ̀ jálẹ̀, iná rìfáàsì tàn.

A gun òkè Hawan Kibo tó wà lọ́nà Jos láìsí wàhálà, òtútù Jos sì pàdé wa. Mo pe Bàbá lálẹ́, wọ́n ní tá a bá ń bọ̀ ká yà, káwọn wo bóòtì méjèèjì yẹn bóyá wọn ò dẹ̀.