Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ dá ilé aró sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, ọwọ́ yín ti mọ iṣẹ́ àdìrẹ. Ẹ mọ oníko í dì, ẹ mọ ẹlẹ́kọ í yà, ẹ sì mọ bí a ṣe ń yọ́ àbẹ́là tẹ kámpálà. Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ohun tí mo rí ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ni pé àìmọ iye tí ọjà ná ẹni ló ń ti ṣọ́ọ̀bù ju iṣẹ́ tí kò dára lọ.

Ẹ mú aṣọ yáàdì márùn-ún kan. Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé owó aṣọ funfun, aró, àti sódà òun haidirọ́ọ̀sì tí a ń pò mọ́ aró. Ta ló ń rántí igi tàbí gáàsì tí a fi se omi, ìbọ̀wọ́, ọkọ̀ tó gbé ẹrù dé, owó ẹni tó bá wa lọ aṣọ? Ta ló ń ka owó iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn? Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦9,500, tí ẹ wá ń tà á ní ₦10,000 torí pé iye tí ará ìsọ̀ kejì ń tà á nìyẹn. Ẹyọ kan tó bá bàjẹ́ nínú ogún ti jẹ èrè mọ́kàndínlógún yòókù tán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó dá iye lé ọjà, kí ẹ sì tún un kọ nígbàkigbà tí owó aṣọ funfun bá gun òkè.

Bí wọ́n bá gbé aṣọ ẹbí wá, ẹ gba owó tó tó ra ohun èlò kí ẹ tó gbé omi kaná. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ègé kékeré kan, ẹ fi hàn wọ́n nínú oòrùn, ẹ gé e sí méjì: ìdajì lọ́wọ́ wọn, ìdajì lọ́wọ́ yín. Ẹ wọn aró, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọ̀ tí a fojú díwọ̀n lónìí kì í jọ ti ọ̀la. Ẹ rẹ yáàdì díẹ̀ kún un. Mọ̀lẹ́bí kan á ṣáà pẹ́ dé.

Owó ọjà ọ̀tọ̀, owó ilé ọ̀tọ̀. Ẹ forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀, kí ẹ lè ṣí àkáǹtì lórúkọ rẹ̀. Ẹ máa dá àjọ fún aṣọ funfun. Bí oníbàárà bá fi fóònù hàn yín pé òun ti sanwó, kí ẹrù má kúrò títí owó á fi wọlé.

Àwìn ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, kò sì bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní àwọn ọdún 1920, tí àwọn oníṣòwò ń ti Senegal àti Gold Coast (Ghana òde òní) wá ra àdìrẹ l'Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ìyá aláró ló ń gba aṣọ láwìn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òyìnbó. Nígbà tí ọjà dẹnu kọlẹ̀, gbèsè ló wà lọ́rùn wọn. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má ta àwìn rárá, torí ẹni tó ń rà lọ tà nílùú mìíràn lè má ní gbogbo owó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gba iye tí ọjà ná yín kó tó gbé e, kó jẹ́ èrè nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀. Níṣojú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti ọjọ́ tó dá pé òun á san ìyókù. Ẹni tí kò bá tíì san ti àkọ́kọ́, ẹ má ṣe di ẹrù kejì fún un, bó ti wù kó jẹ́ èèyàn yín tó.