Sullivan kan ṣoṣo ni mo ń wá o

Ẹ̀yin ará mi, iṣẹ́ kíá, ìyẹn títọ́jú àgbàlagbà, ni mò ń ṣe níbí ní Cork, ní Ireland. Bàbá kan wà tí mo máa ń lọ wẹ̀ fún láàárọ̀, ẹni ọdún 86, Sullivan ni orúkọ ìdílé wọn. Wọ́n ní kí n máa pe orúkọ àbísọ wọn, ọmọ Ọ̀yọ́ wo ló máa pe àgbàlagbà lórúkọ ṣánṣán? Dádì ni mò ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan Dádì sọ pé ẹ̀gbọ́n bàbá àwọn kan lọ sí Butte ní Amẹ́ríkà, kò padà wálé mọ́, wọ́n wá ní ṣé fóònù mi lè bá àwọn wá a. Mo ní ṣebí orúkọ ìdílé la máa tẹ̀, kí tíì tó tutù mo ti rí i.

Mo ṣe é tì.

Inú ìwé ìkànìyàn àtijọ́ ni mo ti wá a. Ti 1901 àti 1911 nìkan ló ṣẹ́ kù lódindi nínú àwọn tó ṣáájú 1922, wọ́n wà lórí ìkànnì National Archives ti Ireland lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ṣáájú, ìjọba fọwọ́ ara wọn run òmíì, ti 1881 àti 1891 ni wọ́n lọ̀ di bébà lákòókò Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1821 dé 1851 sì jóná ní ilé ìkówèésí ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin ní 1922 nígbà tí àwọn ará Ireland ń bára wọn jagun. Mo tẹ Sullivan, orúkọ ń ya bí omi. Mo tẹ O'Sullivan, òmíì tún jáde, torí "O" yẹn ìtumọ̀ ẹ̀ ni "ọmọ-ọmọ" tàbí ìran, ọ̀pọ̀ ti yọ ọ́ kúrò nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wá dá a padà, ìdílé kan náà lè jẹ́ Sullivan ní 1901 kó di O'Sullivan ní 1911.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní kọ́ńtì (ìpínlẹ̀ wọn) kọ̀ọ̀kan, mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi. Cork àti Kerry ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Matheson ti ṣe irú ìṣirò yìí ní 1894, ó lo orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1890: Murphy ṣe ìkíní, Kelly ìkejì, Sullivan ìkẹta, nǹkan bí 43,600 èèyàn. Tipperary ni orísun wọn kí àwọn Norman tó lé wọn wá sí apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ibẹ̀ náà ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí.

Nígbà tí mo dé Beara tó jẹ́ ìlú Dádì gan-an, Sullivan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sullivan, Sullivan fẹ́ Sullivan, John, Michael, Daniel, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní Dádì, tiyín dà nínú gbogbo eléyìí? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń lo Sullivan nílé? Bawn ni wọ́n ń pè wá." Àwọn funfun nìyẹn, àwọn kan tún wà tí wọ́n ń jẹ́ Rua, àwọn pupa. Háà! Oríkì orílẹ̀ ni kẹ̀! Bí a ṣe ń bi èèyàn pé Oníkòyí ni ẹ́ àbí Òpómúléró. Àmọ́ fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún un.

Orúkọ àwọn ọmọ ìyá ni mo fi rí wọn níkẹyìn. Ìyá ńlá inú ilé náà jẹ́ ẹni 60 ní 1901, ní 1911 wọ́n ti di 74! Kò sídán ńbẹ̀ o, owó àgbàlagbà tí ìjọba ń fún èèyàn bẹ̀rẹ̀ ní January 1909, ẹni 70 sókè ló sì ń gbà á. Ọjọ́ orí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ń gé kúrò, àwọn ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni.

Ibi tí ẹ̀rín ti tán ni pé fọ́ọ̀mù 1911 bi ìyàwó ilé léèrè iye ọmọ tó bí àti iye tó wà láàyè. Wọ́n kọ 9, wọ́n kọ 6. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 2 kan wà ní 1901, kò sí ní 1911. Dádì ò gbọ́ ọ rí láyé wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí, tíì sì tutù lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ṣì jẹ́ ọmọ 18 nínú ilé yẹn. Ti Butte ò tíì yanjú. Iṣẹ́ wíwa kọ́pà, ìyẹn bàbà, tó wà ní Allihies ní Beara ló dẹnukọlẹ̀, àwọn awakùsà ibẹ̀ wá tẹ̀lé kọ́pà lọ sí Butte ní Montana, nítorí náà nígbà tí mo wọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1920, Sullivan ló tún kún ibẹ̀ fọ́fọ́, tí kò sì sẹ́ni tó kọ Bawn sí i.

Mo tẹ sọnéèmù tèmi náà sí 1911 wò. Òfo. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka àwa náà ní April 3, 2022, àyè kan wà lójú ìwé tó gbẹ̀yìn tí èèyàn lè kọ ohunkóhun sí, 2122 ni wọ́n máa ṣí i. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n fi mọ̀ mí lókè fọ́ọ̀mù, mo bá rọra kọ oríkì ilé bàbá mi síbẹ̀, mo sì fi àmì sórí ẹ̀ dáadáa.