Abẹ́òkúta dùn, àwọn tó pè mí síbẹ̀ ni ò jẹ́ n gbádùn ẹ̀ bó ṣe yẹ

Ìpàdé àwa òǹkọ̀wé ni wọ́n pè mí sí. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dùn kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: rélùwéè ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ ti ń bọ̀, ẹ gbàgbé gbogbo súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó Ọ̀tà yẹn, ẹ gba Alágómẹjì lọ, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021 yìí, AC ń fẹ́, kò sẹ́ni tó ń pariwo oògùn jẹ̀díjẹ̀dí sí yín létí. Ibi tó tún wá dùn mọ́ mi jù ni orúkọ tí wọ́n fi sọ àwọn ibùdókọ̀ ẹ̀. Ti Pápáláńtó, Funmilayo Ransome-Kuti. Ti Abẹ́òkúta tó wà ní Láderin, Wole Soyinka. Èmi tí bàbá mi ṣì ń bi léèrè ìgbà tí màá wá iṣẹ́ gidi, mo ya fọ́tò orúkọ yẹn gàdàgbà ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ wo ohun tí ìwé kíkọ ń ṣe. Wọ́n fèsì pé, "Ṣé ìwọ náà ti gba Nobel ni?"

Láderin kì í ṣe inú ìlú o, kẹ́ ẹ ti mọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jáde làwọn dírẹ́bà máa bò yín, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹ ò níbi tẹ́ ẹ fẹ́ sá gbà. Èyí tó já báàgì gbà lọ́wọ́ mi sọ pé 7,000 lòun máa gbà dé Kútọ̀ nínú ìlú. Mo ní ṣé ó fẹ́ ta ọkọ̀ ọ̀hún fún mi ni. Ó ní epo wọ́n. Ta ni epo ò wọ́n fún? Mo gba báàgì mi padà, mo rí ìyá kan àti àwọn ọmọ yunifásítì méjì tá a jọ bọ́ọ́lẹ̀, a da owó jọ, 1,000 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, dírẹ́bà kan náà yẹn ló tún gbé wa! Torí náà, látinú rélùwéè ni kẹ́ ẹ ti máa bèèrè ta ló ń lọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá jáde.

Ọtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó pè wá ní "ẹ̀gbẹ́ ibi ìpàdé báyìí ni." Ẹ̀gbẹ́ wo? Ọ̀kadà méjì ni mo ń wọ̀ débẹ̀. Wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ láàárín òru, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń wẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ sì jẹ́ búrẹ́dì pẹ̀lú ẹyin kan, mo tún un sọ, ẹyin kan.

Ìpàdé fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ iwájú ìwé kíkọ ní èdè Yorùbá ni wọ́n ní ká wá sọ. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà ní Yorùbá. Láti ibẹ̀ lọ, òyìnbó ni látàárọ̀ dalẹ́, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan sì dìde láti fi Yorùbá bèèrè ọ̀rọ̀, ẹni tó mú máíkì dání ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Gbogbo èèyàn wo? Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa! Nílùú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Yorùbá láti 1859. Mi ò sọ pé ìlú yìí ò mọ àlejò òǹkọ̀wé gbà o, Aké Festival, àjọ̀dún ìwé yẹn, wà níbẹ̀ láti 2013 kó tó kó lọ Èkó ní 2018, àwọn tó débẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Tiwa ni ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ká kọ nọ́ńbà àkáǹtì wa sílẹ̀, pé owó mọ́tò á wọlé kílẹ̀ tó ṣú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka pépà ẹ̀ láì gbójú sókè, mo dìde bí ẹni tó ń lọ tọ̀, ó di Ìtòkú, ọjà àdìrẹ.

Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tán tí sísí kan ti dì mí lọ́wọ́ mú. "Àǹtí mi, ẹ wá wo ojúlówó àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyá ìyá mi ló ṣe é." 28,000 fún yáàdì mẹ́rin. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó rẹwà lóòótọ́, búlúù tó jinlẹ̀, bátànì Ìbàdàndùn pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó lára ẹ̀. Mo ní jẹ́ n wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀yìn funfun báláú. Aṣọ tí wọ́n bá rẹ sínú aró, tojú tẹ̀yìn ló ń mu ún, èyí tí ẹ̀rọ bá tẹ̀, ojú nìkan ló mọ̀, àwọn tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà sì ti kún ọjà náà. Mo ní, "Sísí, ẹ̀yìn yìí ńkọ́?" Ó wò mí lókè wò mí nílẹ̀: "Àǹtí, ṣé ẹ̀yìn lẹ fẹ́ wọ̀ sóde ni?"

Ẹ̀rín ò jẹ́ kínú bí mi. Ó ní kí n mú 20,000 wá, ó ní 15,000, nígbà tí mo fi máa dójú títì ó ti di 9,000. Ìyá ìyá tó ṣe é ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn ta ọ̀pọ̀?

Agboolé kan lẹ́yìn ọjà ni mo ti wá rí ohun tí mò ń wá. Mama kan tí aró ti wọ èékánná wọn ń tẹ páànù tí wọ́n ti gé bátànì sí lára mọ́ aṣọ funfun, wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún pa á lójú. Láfún tí à ń jẹ ni o, wọ́n á po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ibi tó bá bò, aró ò ní í wọbẹ̀. Mo kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí aláró, pé "Àrẹ̀dú o, mà," inú wọn dùn, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ará Ìbàdàn ló ń fi ìyẹ́ adìyẹ yàwòrán, pé páànù ni tàwọn Ẹ̀gbá, ọkùnrin ló sì máa ń gé e. Ewé èlú ti di ọ̀wọ́n, kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó ni wọ́n ń lò báyìí, wọn ò sì fi pa mọ́ fún mi. 18,000, yáàdì márùn-ún. Mo ná an títí, wọn ò tiẹ̀ yọ náírà kan. Mo san án, inú mi sì dùn pé mo san án. Wọ́n ní omi oníyọ̀ ni kí n kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́, kí n má sá a sóòrùn.

Ẹ jẹun ládùúgbò yẹn kẹ́ ẹ tó lọ. Láfún gbígbóná pẹ̀lú ewédú àti ọbẹ̀ ata tó ní ẹja ṣáwá, kò tó 2,000, mo sì yó. Ìrẹsì tútù tí wọ́n ń pín nínú ike níbi ìpàdé, mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ka pépà. Òkúta Olúmọ? Ẹ gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, gbogbo èèyàn ló ti kọ nípa ẹ̀.

Owó mọ́tò wa ò tíì wọlé. Mo pè wọ́n lánàá, wọ́n ní akáńtáǹtì rìnrìn-àjò, kí n ní sùúrù, pé àwọn tiẹ̀ ti ń ṣètò tọdún tó ń bọ̀, àwọn sì fẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀.