Yàrá kan ṣoṣo ni mo ń wá o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àwọn ará àdúgbò mi ní Kánò kí wọ́n má bi mí "nawa ne," èló ni, mọ́. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Oṣù mẹ́ta ti kọjá, mo rò pé wọ́n á ti gbàgbé, àmọ́ láàárọ̀ yìí náà ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà lẹ́nu géètì wa rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ló bá sá kó sẹ́yìn bárò omi ẹ̀, ó yọ ojú kan síta, ó ní "Malam, nawa ne?" Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án o. Mo lè bí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá ṣe parí, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ jàre, ìyẹn kọ́ là ń sọ lónìí. Kí n ṣáà sọ pé mo di bàágì kan, mo fi Ìbàdàn sílẹ̀, mo wọ mọ́tò lọ sí Kánò, èmi ẹni ọdún méjìdínlógójì, kò sáya, kò sọ́mọ, wọ́n ti gbà mí síbi iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà àti bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe, kí wọ́n lè rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Màámi sìn mí dé gáréèjì, wọ́n ní "Lọ re, kó o bọ̀ re, má sì gbàgbé ohun tí mo bá ẹ sọ." Ohun tí wọ́n bá mi sọ ni ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ. Láti ìgbà tí mo ti pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń bá mi sọ ọ́, kódà bí mo bá pè láti béèrè bóyá ọ̀fun tó ń dùn wọ́n ti san, ibẹ̀ náà la máa já sí.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èdè. Mi ò gbọ́ Haúsá rárá, àmọ́ ọgbọ́n àgbọ́njù ń bá mi jà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọjà, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe albasa, mo ní ah-ah, àlùbọ́sà nìyẹn. Tattasai, tàtàsé. Fitila, fìtílà. Baba, bàbá. Wahala, ìyẹn ò tiẹ̀ yí padà rárá, wàhálà ni. Mo wá dúró láàárín ọjà, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan, mo ní kí ni mo tiẹ̀ ń bẹ̀rù? Ẹnu mi lèdè yìí ti ń gbé látijọ́, èmi ni mi ò mọ̀!

Lọ́jọ́ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá wa wọ kíláàsì (ó kéré sí àbúrò mi tó gbẹ̀yìn, àmọ́ ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́), ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní "Malam, ina kwana? Ya gida? Ya yara?" Ina kwana, wọ́n ti kọ́ mi, ẹ káàárọ̀ ni. Ya gida, ilé ńkọ́. Ya yara... haa! Yàrá ńkọ́! Orí mi wú. Mo ní ọ̀gá yìí mà mọ èèyàn kí o, ta ló ń béèrè yàrá lọ́wọ́ èèyàn ní Ìbàdàn?

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ yàrá gan-an ló wà lọ́kàn mi. Ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá kan tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo dé sí ní Sabon Gari, inú yàrá kan náà lèmi àti ẹ̀ jọ ń sùn, páànù lókè, kò sí sílíǹ, inú oṣù kẹrin. Ẹni tí kò bá tíì sùn ní Kánò lóṣù kẹrin, tí wọ́n sì ti mú iná lọ, kó má bá mi sọ pé òun mọ ooru. Mo wá tú u sílẹ̀ fún ọ̀gá. Mo ní "Yara, zafi! Zafi sosai!" torí mo ti kọ́ pé zafi ni wọ́n ń pe ooru. Ojú ọ̀gá yí padà. Ó ní "Duka?" Ṣé gbogbo ẹ̀? Mo ní "Duka! Dare da rana!" Tọ̀sán-tòru!

Ọ̀gá jáde wéré. Kò tó wákàtí kan, ó mú nọ́ọ̀sì kan dé, pẹ̀lú páálí parasitamọ́ọ̀lù. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ méjìlélógún tò sórí láìnì, nọ́ọ̀sì ń na nǹkan kan tó dà bí ìbọn sí wọn níwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dúró légbẹ̀ẹ́ kan, mo ń mi orí, mo ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀dọ́ níbí! Èmi gan-an bọ́ sórí láìnì, wọ́n yìn ín fún mi lórí, ó gbé 36.5, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gba parasitamọ́ọ̀lù méjì tèmi. Ọ̀gá ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ bi mí léèrè ọ̀rọ̀, àmọ́ kò bi mí. Ká ní ó bi mí ni, ì bá ti bò mí láṣìírí.

Bó ṣe di Sátidé nìyẹn, mo ní ó tó, mo fẹ́ wá yàrá tèmi nítòsí ibi iṣẹ́, ní apá Tarauni. Bùrọ̀dá Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n dúró de òun, òun máa tẹ̀ lé mi lọ tóun bá ti ibi ìsọmọlórúkọ dé. Mo ní rárá, ẹ fi mí sílẹ̀, ṣé ọmọdé ni mí ni? Ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti kọ́ mi ní "ina neman," mò ń wá, "mai kyau," èyí tó dáa, àti "nawa ne," èló ni. Kò béèrè ohun tí mo fẹ́ fi sí i. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sí tákàdá, mo kà á sórí nínú Adaidaita Sahu, bí wọ́n ṣe ń pe kẹ̀kẹ́ Márúwá níbẹ̀ nìyẹn, dírẹ́bà ń wò mí nínú díńgí.

Abẹ́ igi dongoyárò kan ni mo bá àwọn bàbá mẹ́rin lórí ẹní. Ẹ má gbàgbé igi yẹn o, mò ń padà bọ̀ lórí ẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé rédíò sétí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo kí wọn dáadáa, wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n tiẹ̀ sún fún mi lórí ẹní. Mo ní "Baba, ina neman yara."

Bàbá káàánú mi. Wọ́n ní "Yaranka? Sun bata?" Mi ò gbọ́ ìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ń bi mí bóyá àwọn ọmọ mi ló sọnù. Mo ní "A'a! Daya. Mai kyau. Nawa ne?" Rárá o, ẹyọ kan ni mo fẹ́, èyí tó dáa, èló ni?

Bàbá pa rédíò.

Ẹni tó bá ti gbé Kánò rí ló máa mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ti rí i tí òjò ń rọ̀ tí àgbàlagbà ò pa rédíò, mo rí i tí èèyàn méjì ń jà lórí ìyípadà owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí kò pa á. Èmi wá ń wo bàbá, mo ní ẹ ẹ̀ rí i, lańlọ́ọ̀dù ni wọ́n, wọ́n ń ro iye tí wọ́n máa pè. Kí wọ́n tó fi owó gun mi lójú, mo na ọwọ́ sí àpò, mo lù ú pẹ́pẹ́, mo ní "Ina da kudi." Mo lówó lọ́wọ́!

Èkejì bàbá rọra bi mí pé "Me za ka yi da yara?" Ìyẹn yé mi dáadáa, inú mi dùn pé ó yé mi: kí lo fẹ́ fi yàrá ṣe? Ìbéèrè lańlọ́ọ̀dù gidi, wọn ò fẹ́ oníwà burúkú nínú ilé wọn. Mo ní "Barci. Da girki." Oorun, àti oúnjẹ sísè.

Ká ní mo sọ ọ́ lẹ́nu lásán ni, ì bá sàn. Mo fọwọ́ ṣe é fún wọn. Mo gbé ọwọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, mo han-n-run díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dìde, mo ya ẹsẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ìkòkò mọ́lẹ̀, mo di orógùn mú, mo ro àmàlà. Mo rò ó jinná o. Mo tiẹ̀ bù ú. Àgbàlagbà èmi, lójú títì, ní ọ̀sán gangan, mò ń ro ọmọ ọlọ́mọ níwájú bàbá mẹ́rin.

Mi ò sì tíì dákẹ́. Mo ní kó jẹ́ "babba," mo na apá méjèèjì láti fi bó ṣe máa tóbi tó hàn wọ́n. Mo ní kó ní "taga," fèrèsé, mo fi ìka ya fèrèsé sínú afẹ́fẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí atẹ́gùn lè máa gba inú ẹ̀ kọjá. Mo wá ní kí "bayan gida" wà nínú ẹ̀, ìyẹn ilé ìgbẹ́, wọ́n sì tún máa ń pe ìgbẹ́ gan-an bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn nìkan ló jẹ́ òótọ́. Ọmọ wo ni kò sí nínú ẹ̀?

Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kó ọmọ mẹ́ta wọlé bí adìyẹ tó rí àṣá, mo gbọ́ tí ó ti ìlẹ̀kùn, gbà! Kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ìkejì dúró. Mo ń wò wọ́n, mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn, mo ní ẹ wo bí àjẹ́ńtì ṣe pọ̀ tó níbí, wọ́n ti gbọ́ pé kọ́sítọ́mà dé. Ìgbà tí ọ̀kan di bẹ́líìtì mi mú láti ẹ̀yìn, tó sì fà á sókè débi tí mo fi ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró, ni mo fura pé àjẹ́ńtì kọ́ lèyí.

Ọlọ́run bá mi ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọjá lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó rí mi, ó ké "Malaminmu ne!" Tíṣà wa ni! Mo mí kanlẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná sun mí ni. Ẹni tó ń béèrè èló lọmọ, tó fẹ́ sè é, tún wá jẹ́ ẹni tí wọ́n kó ọmọ méjìlélógún fún! Ẹni tó di bẹ́líìtì mú tún fà á sí i.

Mo pe bùrọ̀dá Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi sí ohùn gbangba, mo ní ẹ gbà mí o, yàrá ni mo ń wá, wọ́n fẹ́ lù mí. Ó ní kí ni mo sọ fún wọn gan-an. Mo kà á fún un láti inú tákàdá. Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí bú sẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Mò ń sọ pé "Bùrọ̀dá, bẹ́líìtì mi," ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tó sọ fóònù sílẹ̀ tó ń rìn kiri yàrá, mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún ẹlòmíì níbi ìsọmọlórúkọ, ẹni yẹn náà bú sẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko! Kírẹ́díìtì mi sì ni. Àwọn tó yí mi ká ń wo fóònù, fóònù ń rẹ́rìn-ín, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Nígbà tí ohùn ẹ̀ jáde, ó sọ Haúsá kan tó gùn, mo gbọ́ "daki" nínú ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, daki ni wọ́n ń pe yàrá. Yara, àwọn ọmọ ni! Ọ̀kan ni yaro, púpọ̀ ni yara. Igi dongoyárò tí mo dúró sábẹ́ ẹ̀, tí mo ti ń mu àgbo ewé ẹ̀ láti kékeré, orúkọ ẹ̀ gan-an, dogon yaro, "ọmọkùnrin gíga" ni wọ́n ń sọ. Igi ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá, etí mi di. Bàbá onírédíò rẹ́rìn-ín débi pé fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó di bẹ́líìtì mi mú ló bá mi gbọn eruku ẹ̀yìn sòkòtò mi.

Àmọ́ ká sọ tòótọ́, ṣé ẹjọ́ mi ni gbogbo ẹ̀? Láti 1912 ni rélùwéè Èkó ti dé Kánò. Láti 1912! Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n ta aṣọ, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ síbẹ̀, nínú gbogbo wọn kò sí ẹnì kan tó ronú pé kóun kọ ọ́ sára ògiri gáréèjì Ìbàdàn pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ sókè, ẹ ṣọ́ra fún yàrá. Bùrọ̀dá Ògbómọ̀ṣọ́ yìí pàápàá, Kánò ni wọ́n bí i sí, Haúsá ló fi ń lá àlá, "nawa ne" nìkan ló rí kọ́ mi, bí ẹni fún ọmọdé ní ìṣáná tó bá tiẹ̀ jáde lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá onírédíò ní yàrá lóòótọ́? Wọ́n ní "Daki akwai," wọ́n mú mi lọ síbẹ̀, iye tí wọ́n pè ni mo san, kò sówó àjẹ́ńtì, kò sówó àgírímẹ́ǹtì. Ní Ìbàdàn mo ti san owó "ẹ jẹ́ ká lọ wò ó" rí, fún yàrá tí èèyàn ṣì ń gbé inú ẹ̀, ẹni náà ń fọ ẹnu lọ́wọ́ nígbà tá a wọlé, ó ní ta ni yín? Ẹ jẹ́ n dákẹ́ lórí àwọn àjẹ́ńtì Ìbàdàn. Fèrèsé méjì ló wà ní yàrá tí mò ń gbé báyìí. Ìta ni bayan gida wà.

Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní "mai sayen yara," ẹni tó ń ra ọmọ. Tí mo bá ń kọjá, àwọn ìyá á ti ọmọ wọn síwájú mi, wọ́n á ní kí n gbé e, ó máa ń tọ̀ sílé. Ọ̀gá wa náà ti gbọ́, ó wá rántí ọjọ́ parasitamọ́ọ̀lù.

Lálẹ́ Sátidé yẹn gan-an, mo pe màámi. Mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀, bí mo ṣe ro àmàlà, bí wọ́n ṣe fi bẹ́líìtì gbé mi dúró, bí wọ́n ṣe rò pé ọmọ ni mo fẹ́ rà. Mo ń retí kí wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọ́n dákẹ́. Mo ní "Màámi, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?" Wọ́n ní "Mò ń gbọ́." Wọ́n tún dákẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

"Èló ni wọ́n pè é?"