Mọ́tò Tó Wà Lẹ́yìn Màmá Àgbà

Fọ́tò kan wà tí ìyá mi ń tọ́jú sínú Bíbélì wọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Màmá Àgbà, ìyá tó bí wọn lọ́mọ, dúró níwájú mọ́tò kan n'Ibàdàn, wọ́n gbé ọmọ kékeré kan lọ́wọ́. Omi ti ba ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà jẹ́. Ọmọ ọ̀hún di nǹkan funfun kan mú, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ ohun tó jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Ohun tí ìyá mi máa ń sọ nìyẹn. Ọmọ méjì péré ni Màmá Àgbà bí. Àkọ́kọ́ kú ní 1952, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ọdún 1957 ni wọ́n bí ìyá mi, wọn ò sì ní fọ́tò kankan tí wọ́n yà ní kékeré.

Mo ya fọ́tò náà sórí fóònù mi kí n tó padà sí London. Mọ́tò yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Bọ̀dá kan nínú ẹbí wa sọ pé ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ni, àmọ́ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá máa ń wà, kì í ní eyín níwájú. Eléyìí ní irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò ní ìbú. Ìró Màmá Àgbà sì bo ibi tí orúkọ ọkọ̀ ì bá wà.

Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, mo wọ rélùwéè ní Marylebone, mo sọ̀ ní Banbury, mo fi takisí dé British Motor Museum ní Gaydon. Morris Minor àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Cowley, l'Oxford, ní 1948 wà níbẹ̀. Ara mi kọ́kọ́ yá gágá, torí ó rí roboto bíi ti inú fọ́tò. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, ni iná iwájú rẹ̀ wà, irin kan sì pín gíláàsì iwájú sí méjì. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan tó ń tọ́ àlejò sọ́nà ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Ó fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, ó wá nàka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ilà fífẹ̀ kan ti là á láàárín gbọọrọ. Ó ní nígbà tí ọkọ̀ náà kù díẹ̀ kó jáde ni Alec Issigonis, tó yà á, rí i pé ó há jù. Ó ní kí wọ́n rẹ́ ẹ sí méjì ní òró, kí wọ́n fi ínṣì 4 sún un kúrò lára ara wọn. Ohun tí wọ́n fi dí àlàfo yẹn ni ilà náà. Minor ni tiwa!

Ó kù ọdún. Bàbá náà ní láti 1956, tí Minor 1000 jáde, ni gíláàsì iwájú ti di odindi. Ó tún fi ihò tóóró kan hàn mí lára òpó ilẹ̀kùn mọ́tò inú fọ́tò náà.

Orí ire ni mo gbé lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí, torí ìyá òyìnbó kan gbé Minor 1000 aláwọ̀ ewé wá. Mo ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi ohun tó ń gbé inú ihò yẹn hàn mí. Ó tẹ nǹkan kan nínú ọkọ̀, ọwọ́ kékeré kan yọ láti inú òpó náà, ó nà gbalaja bí ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè, iná inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tíráfíkétọ̀ gan-an nìyẹn! Nílé, gílóòbù tó ń ṣẹ́jú ni à ń pè bẹ́ẹ̀ dòní, n kò sì tíì rí ẹni tó ni orúkọ rí. Ní 1961 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Minor.

1956 sí 1961. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Inú rélùwéè ni mo ti pe ìyá mi. Mo ṣàlàyé gíláàsì, mo ṣàlàyé tíráfíkétọ̀, mo ka ọdún fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi ṣe bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Ẹ̀yin ni, Màámi. Ẹ̀yin ni Màmá Àgbà gbé lọ́wọ́."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí Bíbélì. Ó pẹ́ kí ohùn wọn tó jáde.

"Kí ni mo wá dì mú lọ́wọ́ yìí?"